Jogbo Ò Ní Àpótí Ìbò

Gbogbo ìgbà tí ìbò bá ti ń bọ̀ ni Ṣaworoidẹ máa ń jí padà lórí fóònù wa. Ẹnì kan á gé ibi tí Ọ̀pálábà ti ń pòwe, á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹlòmíràn á gbé àwòrán Lápité sórí Twitter, á kọ orúkọ gómìnà tàbí sẹ́nétọ̀ kan sábẹ́ ẹ̀. A ó rẹ́rìn-ín, a ó tún fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Àwa náà wà lára àwọn tó ń ṣe é. Àwa mẹ́fà ni, ọmọ ìlú kékeré kan náà lápá Ògbèrè, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú East. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun l'Ékòó. A ti wo fíìmù náà débi pé bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ẹlòmíràn á parí ẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tó fi yà wá lẹ́nu pé ìyá àgbàlagbà kan tí kò wò ó dé ìdajì ló rí ohun tí àwa ò rí nínú ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ọjọ́ kejì Iléyá ọdún 2024 ni. A ti wọlé láti Èkó, à ń múra Ojúde Ọba tí yóò wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọ̀kan nínú wa, a fi Ṣaworoidẹ sí i fáwọn ọmọdé tí kò tíì wò ó rí. Ìyá kan tó ń ta gàrí lójúde yà kí wa, abọ́ ẹran Iléyá tí wọ́n bù fún un wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó jókòó, ó wo fíìmù náà díẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ wa,” ó ní, “látìgbà tí wọ́n ti ń jà yìí, ibo gan-an ni wọ́n ti máa dìbò?”

A bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa dá a lóhùn pé, “Màmá, ọba ni wọ́n ń jẹ ní Jogbo o. Wọn kì í dìbò níbẹ̀.”

Ìyá mi orí, ó gbé abọ́ ẹ̀. “Ẹ̀hẹ́n. Bóyá ohun tẹ́ ẹ ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn.”

Ó kí wa pé ó dàárọ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fèsì. Nínú àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sẹ́nì kan tó dìbò nílùú yẹn lọ́dún 2023. Ìyá yẹn mọ̀, torí òun dìbò ní tiẹ̀; ilé ìwé tí wọ́n ti dìbò kò jìnnà síbi tó ń pàtẹ sí. Ohun tí a fẹ́ kọ síbí yìí ni èsì tí a ò rí fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìtàn fíìmù náà fún ẹni tí kò bá wò ó rí. Túndé Kèlání ló darí ẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ọdún 1999 ló jáde. Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú wà láàárín ọba àti ará ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ búra, kó sì gba gbẹ́rẹ́. Adé wà, ìlù tí wọ́n ń pè ní ṣaworoidẹ sì wà. Bí ẹni tí kò ṣe ètùtù yẹn bá gbé adé lérí, tí wọ́n bá wá lu ìlù náà, orí á máa fọ́ ọ títí tí yóò fi kú. Lápité fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n owó ló ń wá, ó sì mọ̀ pé ìbúra yẹn ò ní jẹ́ kí ọwọ́ òun tó o. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àyángalú onílù gbé ìlù, ó sá kúrò nílùú. Lápité àtàwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn agégẹdú jẹun, igbó ìlú ń tán lọ, àwọn ọ̀dọ́ fárígá. Níkẹyìn, Lágàta ológun gbàjọba. Òun náà gbé adé lérí, ìlù dún, ó kú.

Fún ọmọ Ìjẹ̀bú East, kò sóhun tó ṣàjèjì nínú ọ̀rọ̀ gẹdú yẹn. Igbó Omo wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba títí márosẹ̀ Ṣágámù sí Bìní rí á ti rí ọkọ̀ tó kó igi láti apá J4. Láti kékeré la ti ń gbọ́ táwọn àgbà ń sọ nípa ẹni tó gé igi, ẹni tó gbàwé àṣẹ, àti ẹni tó gbowó ojú ọ̀nà. Nígbà tí a rí àwọn agégẹdú Jogbo lórí tẹlifíṣọ̀n, ìlú wa la rò pé wọ́n lọ yàwòrán.

Ìbéèrè ìyá ló wá mú wa padà sídìí fíìmù náà. A tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni: kò síbi tí ará Jogbo kankan ti sọ ẹni tó fẹ́, tí wọ́n sì ka ohùn ẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ọba ló ń dalẹ̀, ìjòyè ló ń gbàbẹ̀tẹ́lẹ̀, onílù ló ní oògùn ẹ̀ lọ́wọ́. Ipò méjì ló kù fún ará ìlú: kí wọ́n jìyà, tàbí kí wọ́n bínú.

A mọ̀ pé kò yẹ ká bá Ìṣọ̀lá àti Kèlání jà lórí èyí láìwo ọdún tí fíìmù náà jáde. Ní 12 Okúdù 1993, àwọn ará Nàìjíríà dìbò fún ààrẹ, M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ló ń ṣíwájú. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ológun ti wọ́gi lé ìbò náà. Ọdún 1998 ni Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé. Ẹni tó bá kọ fíìmù òṣèlú láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kí ló fẹ́ fi àpótí ìbò ṣe nínú ẹ̀? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ohun tó kù lọ́wọ́ ará ìlú nígbà yẹn ni èpè, ìlù àti àdúrà pé kí orí fọ́ olè. Ṣaworoidẹ sọ bó ṣe ń dun àwọn èèyàn tí wọ́n ti dìbò, tí ẹnì kan sì ya ìwé ìbò wọn. Lójú tiwa, ohun tó mú kó pẹ́ lẹ́nu wa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tó di Agogo Èèwọ̀, tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2002. Nígbà yẹn, ìjọba alágbádá ti pé ọdún mẹ́ta. A ti dìbò yan gómìnà àti alága káńsù, ìbò 2003 sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Síbẹ̀, àwọn ìjòyè ló tún mú ọba ní Jogbo. Wọ́n mú Adébọ̀sípò, wọ́n rò pé yóò jẹ́ káwọn máa jẹun wọn lọ. Ó já sí olóòótọ́ èèyàn. Ó tún di dandan kí ìbúra wà, agogo sì ló dájọ́ fún àwọn olè. Fíìmù náà dùn, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: bí ìlú bá bàjẹ́, ẹ wá ọba rere, ẹ wá ohun tó máa pa ìjòyè burúkú. Ará ìlú ṣì dúró sí ìta ààfin, wọ́n ń retí.

Kì í ṣe àwọn méjèèjì yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú wa, Hubert Ògúndé láti Òsósà, ti gbọ́ọ̀bù ọ̀rọ̀ òṣèlú sórí ìtàgé ṣáájú wọn. Lọ́dún 1964, nígbà tí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti dá Ìwọ̀-Oòrùn rú, ó gbé Yorùbá Ronú jáde. Nínú eré yẹn náà, ọba kan wà tí igbákejì ẹ̀ tà fún ọ̀tá. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí òwe náà ń bá wí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé, wọn ò lè ṣeré ní agbègbè náà mọ́, títí Fájúyì fi mú òfin náà kúrò lọ́dún 1966. Ògúndé fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì fún wọn.

A bọ̀wọ̀ fún un gan-an ni. Lónìí, ta ni nínú wa tó máa kọ ohun tí ìjọba máa torí ẹ̀ lé e kúrò nílùú, tí kò ní panu mọ́? Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ìbò ló dá wàhálà ọdún 1965 sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn; ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí wọ́n dì ní oṣù Ọ̀wàwà ló di wẹ́tìẹ̀. Ṣùgbọ́n eré tí gbogbo Yorùbá rántí láti àkókò yẹn, ààfin ló gbé ọ̀rọ̀ lọ. Láti Ògúndé títí dé Ìṣọ̀lá, ìtàn òṣèlú wa tó dùn jù ni ìtàn ọba àti ọ̀dàlẹ̀. Àwa tó dàgbà sórí ìtàn yìí, ojú ẹ̀ náà la fi ń wo ìlú wa.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ òṣèlú nílé. “Ta ló kàn?” ni. Ṣé Ìjẹ̀bú ló kàn láti ṣe gómìnà ni, àbí Yewa, àbí Ẹ̀gbá, àbí Rẹ́mọ? Wọ́n á ní láti ìgbà tí Olóyè Bísí Ọ̀nàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti kúrò nípò lọ́dún 1983, Ìjẹ̀bú ò tíì jẹ ẹ́ mọ́. Yewa á ní àwọn ò tiẹ̀ jẹ ẹ́ rí. Nígbà tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà wàjà ní 13 Agẹmọ 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí oyè, kò sí ẹgbẹ́ WhatsApp Ìjẹ̀bú kan tí kò di ilé afọbajẹ. Gbogbo èèyàn mọ ìdílé tó kàn. A wá bi ara wa ní ìbéèrè kan: ta ni káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa? Nínú àwa mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ orúkọ ẹ̀, ìyẹn sì mọ̀ ọ́n torí pé wọ́n jọ lọ sílé ìwé.

Níbi tí a dé yìí, a ṣe ohun tí a máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá ń hùwà tí kò yé wa, a kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó yẹ ká bú. Àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń kà, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìbò náà ní àkọsílẹ̀ tiẹ̀. Ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní EC8A. Iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ wà lórí ẹ̀, iye àwọn tó wá tí ẹ̀rọ BVAS sì dá mọ̀, iye ìwé ìbò tó bàjẹ́, àti iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Òṣìṣẹ́ INEC tó wà níbẹ̀ á fọwọ́ sí i, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ náà á fọwọ́ sí i. Wọ́n á ya àwòrán ẹ̀ sórí ojú-òpó IReV, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó. A mọ̀ pé àwòrán èsì ìbò ààrẹ ti 25 Èrèlè 2023 kò jáde lásìkò, ó sì ba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn jẹ́. A ò sì ní dá ẹni tó torí ẹ̀ jókòó sílé lẹ́bi kíákíá. Síbẹ̀, a ṣí i, a sì ka ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni àwọn tí kò wá. Ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò 2023 jẹ́ 2,688,305. Nígbà ìbò gómìnà ní 18 Ẹrẹ́nà, Dàpọ̀ Abíọ́dún ti APC ní 276,298, Ládi Adébùtù ti PDP ní 262,383, Bíyì Ọ̀tẹ́gbẹ̀yẹ ti ADC ní 94,754. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 633,435. Kò tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tó forúkọ sílẹ̀.

Ohun kejì ló jẹ́ ká dákẹ́. Ìyàtọ̀ láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì jẹ́ 13,915. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, wọ́n sì fọwọ́ sí èsì náà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Ibùdó ìdìbò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ 5,042. Ẹ pín 13,915 sí 5,042. Kò pé èèyàn mẹ́ta ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. A ò sọ pé ẹni báyìí ló yẹ kó wọlé, a ò sì mọ ẹni tí àwa mẹ́fà ì bá dìbò fún; bóyá a ò bá pín sí méjì gan-an. Ohun tí a ń sọ ni pé èèyàn mẹ́ta ní ojúde kan tó láti gbé ìpínlẹ̀ kan lọ síbòmíràn, àwa mẹ́fà sì wà l'Ékòó tí à ń fi àwòrán Lápité ránṣẹ́ síra wa.

Ohun kẹta ni ohun tí ìyá alágàrí mọ̀, tí fíìmù kankan ò sọ fún wa. Ìbò ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣírí. Ìbò àdúgbò kì í ṣe àṣírí. Torí pé ibùdó ìdìbò ni wọ́n ti ń ka ìbò, tí wọ́n sì ń lẹ èsì mọ́ ògiri níbẹ̀, gbogbo ìlú ló máa mọ̀ pé apá ibi báyìí ò dìbò fún ẹni tó wọlé. Lọ́dún 2021, INEC sọ ibùdó ìdìbò di púpọ̀ kí ìdìbò má baà jìnnà sáwọn èèyàn: ní gbogbo Nàìjíríà, ó kúrò ní 119,974, ó di 176,846. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ tiwa mọ̀ pé bí àwùjọ bá ti kéré jù, kéèyàn fi orúkọ pa mọ́ kò tó láti pa àṣírí mọ́. Bí èèyàn ogójì péré bá dìbò lójúde kan, tí ẹgbẹ́ kan sì ní méjì, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa fura sí ẹni méjì ọ̀hún.

Ibẹ̀ ni aṣáájú àdúgbò ti ń rí agbára ẹ̀. Àwọn olóṣèlú ò bi í léèrè pé kí ló gbà gbọ́. “Ṣé ó lè gbé yúníìtì ẹ̀ wá?” ni wọ́n ń bèèrè. Bó bá gbé e wá, òun ni wọ́n máa pè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín ajílẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tí ẹnì kan bá nílò lẹ́tà fún ọmọ tó ń wáṣẹ́. Bí kò bá gbé e wá, ojúde náà á mọ̀ ọ́n lára. Èyí ló fi jẹ́ pé ìlú kékeré kan náà lè tẹ̀ lé AD lọ́dún 1999, kó tẹ̀ lé PDP lọ́dún 2003, kó tẹ̀ lé ACN lọ́dún 2011, kí ẹnu má sì yà ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwa tó wà l'Ékòó á pè é ní àìnírònú. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ń wo ibi tí omi máa gbà dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni.

Ẹ wá rò ó: bí iye tó ń dìbò lójúde bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni gbígbé yúníìtì wá ṣe ń rọrùn sí i. Ó rọrùn láti bá ogójì èèyàn sọ̀rọ̀ nílé-nílé ju igba lọ. Àìsí-ńlé wa ló ń dín owó tí aṣáájú máa ná kù. A ti máa ń rò pé bí a ò ṣe dìbò yẹn, a ò lọ́wọ́ sí i. Ọwọ́ wa wà nínú ẹ̀ gan-an.

Ibí yìí ni Ṣaworoidẹ ti fi wá sílẹ̀. Ará Jogbo mọ́ jù. Abẹ́tẹ́lẹ̀ inú fíìmù náà ò kọjá ọ̀dọ̀ ọba àti ìjòyè. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan wá sí ojúde kí ìyá kan yàn bóyá òun máa gbà á tàbí òun ò ní gbà á. Gbogbo wa mọ gbólóhùn “dìbò kóo sebẹ̀”, tó gbòde nígbà ìbò gómìnà Èkìtì lọ́dún 2018. Gbólóhùn yẹn ò lè wáyé ní Jogbo, torí kò sẹ́ni tó nílò ìyá tó fẹ́ sebẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ra ohun lọ́wọ́ ẹ̀, a ò mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni. Fíìmù tó máa ràn wá lọ́wọ́ á fi ìyá náà hàn wá nígbà tó ń ro ó wò: owó lọ́wọ́ kan, káàdì ìdìbò lọ́wọ́ kejì, aṣáájú àdúgbò tó jẹ́ àbúrò ọkọ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó tún ku Ọ̀pálábà. Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe é, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pálábà rí gbogbo ẹ̀, ó mọ òótọ́, ó fi òwe sọ ọ́, ọba ò sì lè mú un. Ẹ wo ìdí tí a fi fẹ́ràn ẹ̀: òun ni àwa rò pé a jẹ́. Gbogbo wa lórí Twitter la fẹ́ jẹ́ Ọ̀pálábà. Òwe á dùn, wọ́n á fi ránṣẹ́ káàkiri, ara á tù wá. Ipò tó ṣófo nílùú wa kì í ṣe ti apòwe. Aṣojú ẹgbẹ́ la ò ní, ẹni tó máa jókòó sí ibùdó ìdìbò láti àárọ̀, tó máa ka ìbò pẹ̀lú wọn, tí kò ní fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù bí iye tó wà níbẹ̀ ò bá pé. Iṣẹ́ yẹn ò dùn ún wò. Kò sẹ́ni tó máa gé e sí fídíò kékeré.

A ní àǹfààní láti yí ìwà padà láìpẹ́ sí ọjọ́ Iléyá yẹn. Ní 11 Agẹmọ 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n dìbò yàn. Ọjọ́ yẹn, gbogbo wa kọ ọ̀rọ̀ ìdùnnú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 16 Bélú ọdún kan náà, ìbò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjọ́ Sátidé ni. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó kúrò l'Ékòó. APC ló mú ipò alága nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 20, bó ṣe rí náà lọ́dún 2021. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ráhùn, wọ́n sì lè ní ìdí tí wọ́n fi ráhùn. Àwa ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. A ò sí níbẹ̀ débi tí a ó fi sọ ohun tí a rí.

Ṣùgbọ́n a máa ń wálé fún Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn régbérégbé á rán aṣọ, àwọn ẹlẹ́ṣin á múra, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Ẹgbẹ́ tó bá pa ọdún jẹ, ojú á tì wọ́n. A mọ bí a ṣe ń kó ara wa jọ: owó ẹgbẹ́, ọjọ́ ìpàdé, ẹni tó ń kọ orúkọ, ẹni tó ń béèrè pé kí ló dé tí lágbájá ò wá. Gbogbo ohun tí ìbò nílò nìyẹn, a sì ti ní i láti ọjọ́ pípẹ́. Aṣọ àti ẹṣin nìkan la ṣì ń lò ó fún.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé ó tọ́ kí ẹni tí kì í gbé ìlú máa dìbò níbẹ̀. A ti bá ara wa jiyàn lé e. Òfin ìdìbò ọdún 2022 gbà kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tó ti jẹ́ ọmọ ìlú. Òfin gbà á, ṣùgbọ́n ìyẹn ò parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà náà lójoojúmọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ wúwo jù. Ẹni méjì nínú wa dúró lórí ìyẹn, wọ́n ní Èkó làwọn máa dìbò, níbi táwọn ń san owó orí sí. A gbà fún wọn, bí wọ́n bá dì í lóòótọ́.

Nígbà tí INEC ṣí ìforúkọsílẹ̀ padà ní oṣù Ògún 2025, ẹni mẹ́ta nínú wa gbé orúkọ wọn padà sí ìlú. Ọ̀kan nínú wọn ti sọ pé òun máa ṣe aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó wa lọ́dún 2027, ẹgbẹ́ yòówù tó bá gbà á. Ẹni kẹfà ò tíì ṣe nǹkan kan. A ò ní dárúkọ ẹ̀, ó ń ka àròkọ yìí.

A ṣì máa wo Ṣaworoidẹ lọ́dún tó ń bọ̀, a ó sì tún pa àwọn òwe Ọ̀pálábà láìwojú ìwé. Fíìmù ńlá ni, kò sì jẹ wá ní gbèsè àpótí ìbò. Àwa la jẹ ìyá alágàrí ní gbèsè èsì. A lọ bá a níbi tó ń pàtẹ, a sọ fún un pé ẹni mẹ́ta ti gbé káàdì wálé.

Ó bù kóńgò gàrí kan fún oníbàárà ẹ̀ tán kó tó dá wa lóhùn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì wo fíìmù yẹn tán ni?”